Ó Wà Lọ́wọ́ Alága

Bí fíúsì bá jó ní tírànsífọ́mà àdúgbò wa, a kì í pe NEPA. Alága là ń pè. NEPA alára ti kú tipẹ́. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2013 ni ìjọba ti fa iṣẹ́ pínpín iná lé àwọn iléeṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́, ṣùgbọ́n orúkọ òkú kì í tètè kúrò lẹ́nu ará Ìbàdàn. Àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ tuntun ọ̀hún mọ Alága. Wọ́n mọ̀ pé bí àwọn bá gbé àkàbà dé tí kò sí nílé, àfi kí àwọn tún gbé e padà, torí pé irin la fi ṣọgbà yí tírànsífọ́mà náà ká, àgádágodo tó tóbi ju ìkúùkù lọ ló wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, Alága ló sì ni kọ́kọ́rọ́. Kọ́kọ́rọ́ kejì wà. Ọwọ́ Alága náà ló wà. Ìkẹta wà, èyí tí wọ́n gé nígbà tí Alága wá méjì àkọ́kọ́ tì, kó tó rí wọn nínú àpò agbádá tó wọ̀ lọ síbi òkú. Òrùka irin kan ṣoṣo ló so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọ́ báyìí, kí wọ́n má baà tún sọnù lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Irú ọkùnrin yìí ò ṣọ̀wọ́n. Ó wà l'Ákóbọ̀, ó wà ní Ìpájà, ó wà l'Óṣogbo. Bí ẹ bá dé ìpàdé àwọn ọmọ Yorùbá ní Peckham, ẹ ó bá a níbẹ̀, tòun ti agbádá lórí kóòtù òtútù. Obìnrin wà nínú wọn náà, ẹ bi ẹgbẹ́ akọrin ìjọ yín léèrè. Tiwa yìí jẹ́ ọ̀gá àgbà ilé-ìwé girama tó ti fẹ̀yìn tì. Ọdún tó fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ náà ló di alága ẹgbẹ́ onílé, kò sì jọ pé ó sinmi láàárín. Ìyàwó rẹ̀ pàápàá, Alága ló ń pè é. Bí ẹ bá kan ilẹ̀kùn, ìyá á yọrí lójú fèrèsé: "Alága ò sí nílé o. Wọ́n ti lọ wo gọ́tà."

Kí n tètè sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì mí gbọ́: Alága kì í ṣe olè. Ì bá ṣe olè ni, ọ̀rọ̀ ì bá rọrùn. Àwa onílé mọ bí wọ́n ṣe ń lé olè kúrò nípò, ó kéré tán a mọ bí wọ́n ṣe ń bú u. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí, bó bá ra omi inú ọ̀rá fún bíríkìlà, á kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Nínú gbogbo owó tí a ń dá lóṣooṣù, kọ́bọ̀ kan ò sọnù lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Ìdájí ló ń jí, ó sì ń rìn yí àdúgbò ká pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì kí ọlọ́dẹ tó sùn, ìyẹn ni pé kí ọlọ́dẹ tó tún oorun sùn. Kò sẹ́ni tó lè ní kì í ṣiṣẹ́. Ohun tó ń ṣe é ni pé kò gbà pé iṣẹ́ kankan lè dára lẹ́yìn òun.

Òun fúnra rẹ̀ sì gbà tọkàntọkàn pé òun ń pín iṣẹ́. Bí ẹ bá ní ó ń dá gbogbo rẹ̀ ṣe, ẹ̀rín ni yóò fi yín rín. "Èmi? Èmi tí mo yan ìgbìmọ̀ méje?" Méje ni lóòótọ́: ti iná, ti ààbò, ti gọ́tà àti ojú títì, ti omi, ti ìmọ́tótó, ti ìlàjà, ti ayẹyẹ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní alága tirẹ̀ àti akọ̀wé tirẹ̀. Alága wà nínú méjèèje, "gẹ́gẹ́ bí òǹwòran lásán" ni ó máa ń sọ. Òǹwòran yìí ló ń dá ọjọ́ ìpàdé. Òun ló ń gba àdúrà ìbẹ̀rẹ̀. Òun ló ń ka ohun tí ìgbìmọ̀ fẹnu kò lé lórí, nígbà mìíràn kí ìgbìmọ̀ tó jókòó.

Ẹ wo ìgbìmọ̀ ayẹyẹ ìparí ọdún. Ìyá Ìbejì ni olórí rẹ̀, obìnrin tó ń fi oúnjẹ òde ṣe iṣẹ́ ṣe, tó ti se fún ìgbéyàwó, fún òkú àgbà, fún ìkómọ, tí ebi ò sì pa àlejò kankan rí lọ́dọ̀ rẹ̀. Alága pè é síwájú gbogbo ilé, ó ní, "Ìyá Ìbejì, iṣẹ́ yìí ti di tiyín. Ẹ ṣe é bó ṣe wù yín. N ò ní yọjú síbẹ̀." A pàtẹ́wọ́. Lọ́jọ́ kejì ó tẹ ìyá láago: irú ìrẹsì wo ni wọ́n fẹ́ lò? Lọ́jọ́ kẹta ó ní kí òun kàn bá wọn wádìí iye tí wọ́n ń tà á ní Bódìjà. Ó lọ sí Bódìjà lóòótọ́, ó sì gbé àpò ìrẹsì méjì bọ̀, irú èyí tí Ìyá Ìbejì kì í lò, ó ní kí wọ́n má bínú, ọjà ń gbówó lórí ni. Ọ̀rọ̀ wá kan màlúù. Ó rán igbákejì rẹ̀ lọ sí ọjà màlúù l'Ákínyẹlé. Ó rán akápò kí ó lọ wo bí igbákejì ṣe ń ná an. Lẹ́yìn náà òun alára gbéra, ó lọ dúró sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù kan, ó ń wo àwọn méjèèjì. Onímàlúù rí i pé ẹni mẹ́ta ló bá màlúù kan ṣoṣo wá, ó sì fi owó lé e.

Lọ́jọ́ ayẹyẹ, ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí Ìyá Ìbejì fi dé ìdí ààrò. Ó bá Alága lórí àpótí, tòun ti bíírò àti ìwé, ó ń ka ègé ẹran.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ̀yin lẹ ní ẹ ò ní yọjú."

"N ò yọjú, Ìyá Ìbejì. Ẹran ni mo kàn ń wò."

Ìyá Ìbejì kì í bá àgbà jà. Ó fa ìborùn rẹ̀ já, ó fi di ìdí, ó mú ọmọ orógùn ńlá, ó na án sí Alága. Ó ṣe bí ẹní ń ṣẹ̀fẹ̀. Alága gbà á! Ó yí ìrẹsì náà po títí oòrùn fi yọ, ó ń fọn òógùn, ó ń pàṣẹ igi tí wọn ó yọ àti èyí tí wọn ó kì bọ̀ ọ́. Ìrẹsì ọdún yẹn jóná nísàlẹ̀ débi pé ajá ò jẹ èépá rẹ̀. Nígbà tí wọ́n sì ka àkọsílẹ̀ ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, ohun tí a gbọ́ ni pé ìgbìmọ̀ Ìyá Ìbejì kò múra tó.

Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, ká fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ní ti Alága, iṣẹ́ ọmọ ló ń rán wa lójú agbo, tẹrú ló fẹ́ ká fi jẹ́ ẹ ní kọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ owó kò gùn. Òfin ẹgbẹ́ ní kí ẹni mẹ́ta máa buwọ́ lu ṣẹ́ẹ̀kì: alága, akọ̀wé, akápò. Alága bọ̀wọ̀ fún òfin. Ìgbàkígbà tí ìwé ṣẹ́ẹ̀kì tuntun bá dé, á gbé e lọ sílé akápò pẹ̀lú ìgò mọ́ọ̀tì kan, akápò á buwọ́ lù ú láti ojú ewé àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn, akọ̀wé náà á ṣe bẹ́ẹ̀, ó parí. Ó ní òun ò fẹ́ máa yọ wọ́n lẹ́nu lójoojúmọ́. Akápò wa kò tíì fojú kan àpò.

Ti akọ̀wé ló tún dùn. Ọ̀dọ́kùnrin yìí kàwé gboyè, ó ń kọ̀wé fún àwọn ọ̀gá ńlá níbi iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé tán, ó gbọ́dọ̀ gbé e lọ fún Alága. Bíírò pupa ló ń bá a padà. Ìgbà kan wà tí Alága gbàgbé ara rẹ̀, tó fún un ní mẹ́fà nínú mẹ́wàá nísàlẹ̀ ìwé.

Bí ẹ bá wọ pálọ̀ Alága, àwòrán Awólọ́wọ̀ ni yóò kọ́kọ́ kí yín, fìlà lórí, awò lójú. Àwòrán yìí ni ìdáhùn rẹ̀ sí gbogbo ẹni tó bá ní kó gbé nǹkan sílẹ̀ díẹ̀. Á na ìka sí i: "Ṣé bàbá yìí sùn?" Kí n má purọ́, bàbá ò sùn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí gbogbo wa fi ń yin bàbá náà. Stephen Awókọ́yà, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, ló gbé àbá rẹ̀ síwájú ilé aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn ní 1952. Láàárín ìgbà náà sí ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955 tí ilẹ̀kùn ṣí, wọ́n ní láti kọ́ olùkọ́, kí wọ́n kọ́ kíláàsì, kí wọ́n wá owó. Àwọn ọmọ tó lé ní 800,000 ló wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yẹn, Alága alára sì wà lára wọn pẹ̀lú síléètì lọ́wọ́. Awólọ́wọ̀ ò dé ilé-ìwé wọn wá ka ṣọ́ọ̀kì. Ó mọ ohun tó fẹ́, ó mọ ẹni tó fi í lé lọ́wọ́, ó sì mọ ìgbà tó yẹ kí òun bèèrè ibi tí wọ́n bá a dé. Mo sọ èyí fún Alága nígbà kan. Ó mi orí títí, ó ní òótọ́ ni, ó ní ohun tó jẹ́ ni pé Awólọ́wọ̀ rí èèyàn bí Awókọ́yà, òun ò rí.

Akọ̀wé náà gbìyànjú tirẹ̀. Ó fẹ́ràn ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, ó sì dìde ní ìpàdé lọ́jọ́ kan bí agbẹjọ́rò. Ó ní Aláàfin Ọ̀yọ́ àtijọ́, tí ilẹ̀ ń mì tìtì lábẹ́ rẹ̀, ní ìwẹ̀fà ńlá mẹ́ta. Ọ̀nà Ìwẹ̀fà ń bá a gbọ́ ẹjọ́, ó sì ń dá a. Ọ̀tún Ìwẹ̀fà ń bójú tó ọ̀rọ̀ Ṣàngó. Òsì Ìwẹ̀fà ń ṣojú ọba nínú ọ̀rọ̀ ìlú àti ti ogun, débi pé ọ̀wọ̀ tó tọ́ sí ọba ni wọ́n ń fún un. "Bí ọba bá lè ṣe èyí pẹ̀lú adé," akọ̀wé ní, "ṣé Alága wa ò lè ṣe é pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ kan?"

Alága tún awò ojú rẹ̀ ṣe. "Akọ̀wé, ṣé ìwé yẹn sọ ohun tí wọ́n ń gé lára ìwẹ̀fà kó tó joyè?"

Gbọ̀ngàn pa lọ́lọ́. Akọ̀wé jókòó.

Bó bá jẹ́ èmi ni wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀, n kì bá lọ jìnnà dé Ọ̀yọ́. Ìjàyè ò jìnnà sí wa. Kúrunmí, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, ló ni Ìjàyè láyé ijọ́un, tìtorí pé ó tó bẹ́ẹ̀: akọni ni, ó gbọ́n, ó mọ ogun jà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni gbogbo nǹkan wà, ẹjọ́, owó bodè, títí dé ọ̀rọ̀ òrìṣà. Ìbàdàn ní tirẹ̀ ò lọ́ba tí í dá gbogbo ẹ̀ ṣe. Balógun wà, Ọ̀tún wà, Òsì wà, olóyè kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun tirẹ̀, wọ́n ń jà sí oyè, wọ́n ń bú ara wọn, ṣùgbọ́n bí ọ̀kan bá ṣubú, òmíràn ti wà lẹ́yìn tó ń wá àyè rẹ̀. Nígbà tí Aláàfin Àtìbà wàjà ní 1859, tí Kúrunmí ní òun ò gba Adélù ọmọ Àtìbà lọ́ba, ṣùgbọ́n tí Ìbàdàn gbà á, ogun dé láàárín ìlú méjèèjì. Kúrunmí kú ní 1861. Ìjàyè ò pé ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀ tó fi tú. N ò ní sọ pé ìyẹn nìkan ló fà á, ogun ò rí bẹ́ẹ̀. Mo kàn ń sọ pé ìlú tó jẹ́ pé èèyàn kan ni òpó rẹ̀, kí wọ́n máa bá ẹni náà wo ìlera rẹ̀ dáadáa.

Tiwa yàtọ̀ sí ti Ìjàyè, ìyẹn ló sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà burú. Ọmọbìnrin Alága bímọ ní Kánádà. Ìyàwó rẹ̀ ń lọ tọ́jú ọmọ tuntun, Alága bá a lọ, òrùka kọ́kọ́rọ́ sì bá Alága lọ. Kò pẹ́ tí fíúsì fi jó. Lórí WhatsApp, Alága ní kí a fara balẹ̀, òun ó fún wa ní ìtọ́sọ́nà. Òru ni ìtọ́sọ́nà ń wọlé, nígbà tí alẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lẹ́ lọ́dọ̀ tiwọn: ọ̀rọ̀ ohùn kan lẹ́yìn òmíràn, tí a ń gbọ́ ẹkún ọmọ tuntun lábẹ́ rẹ̀. Ó ní kí igbákejì lọ rí ọ̀gá àwọn oníná, ṣùgbọ́n kó má sọ ohunkóhun títí òun ó fi pe ọ̀gá náà. Igbákejì lọ. Ó dé ibẹ̀, kò sọ ohunkóhun, ó padà wálé.

Ìyá Ìbejì ló rán ọmọ rẹ̀ lọ pe wẹ́dà. Wẹ́dà gé àgádágodo. Àwọn oníná wọlé, wọ́n ṣe é, iná dé. Ìyá ra àgádágodo tuntun, ó fi kọ́kọ́rọ́ kan fún ọlọ́dẹ, ó fi ọ̀kan sí ilé tó dojú kọ tírànsífọ́mà, ó mú ọ̀kan lọ sílé. Ìgbìmọ̀ gọ́tà rí èyí, ara wọn yá gágá. Gọ́tà tí ó ti wà lọ́wọ́ Alága láti ọdún tó kọjá, wọ́n pín in sí ojúlé sí ojúlé. Ẹni tí gọ́tà kọjá níwájú rẹ̀, òun ni yóò gbẹ́ ibẹ̀, ẹgbẹ́ ni yóò mú sìmẹ́ńtì wá. Mẹkáníìkì kan tó jẹ́ ayálégbé lásán ni wọ́n fi ṣe olórí iṣẹ́, torí pé òun nìkan ló lè bú onílé láìtijú. Kí òjò tó dé, omi ti ń ṣàn.

Wọ́n ṣe àṣìṣe o. Ìgbìmọ̀ omi ra pọ́ńpù kan lọ́wọ́ ẹnìkan tó jẹ́ àna akápò, pọ́ńpù náà ò sì lo ọ̀sẹ̀ kan tó fi jó. Owó wọlẹ̀, kò sẹ́ni tó lè fi bò.

Alága padà dé. Wọ́n mú un yí àdúgbò ká. Ó wo iná, kò sọ nǹkan. Ó wo gọ́tà, ó tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ẹsẹ̀, ó bèèrè ẹni tó fọwọ́ sí yanrìn. Nígbà tó dé ìdí pọ́ńpù ni ojú rẹ̀ wá mọ́lẹ̀. Ó ní kí wọ́n tú u kúrò nílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ní ìpàdé gbogboogbò tó tẹ̀ lé e, pọ́ńpù ni ó gbé ka orí tábìlì níwájú, lórí aṣọ funfun tí a ń tẹ́ fún àlejò pàtàkì, kò sì mẹ́nu bà á títí di ìgbà tí gbogbo wa ti wò ó tó wákàtí kan.

Ìpàdé yìí náà ni a fẹ́ fi yan àwọn olóyè tuntun. Akọ̀wé dá àbá kan tó mọ́gbọ́n wá: kí ìgbìmọ̀ kọ̀ọ̀kan lè ná tó ₦50,000 lóṣù láìbi ẹnikẹ́ni, kí wọ́n sì wá ròyìn bí wọ́n ṣe ná an níparí oṣù. Gbogbo ilé ní ó dára. Alága náà ní ó dára. Ó kàn bèèrè pé bí ₦50,000 náà bá jó bíi ti ẹni orí tábìlì yìí, ojúlé ta ni a ó lọ kàn? Onílé kan rántí pé òun gbé nǹkan ka iná. Igbákejì ní ẹ̀jẹ̀ ríru òun ò fẹ́ wàhálà. Akápò ń wo ojú ilẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ìpàdé, kò sì gbójú sókè.

Ẹnìkan ló wá pariwo látẹ̀yìn pé kí a fi Ìyá Ìbejì jẹ alága. Bàbá kan ní ṣé obìnrin ni yóò máa bá NEPA jà? Wọ́n rán an létí ẹni tó bá wọn jà nígbà tí a wà lókùnkùn, ó ní ìyẹn yàtọ̀, ó ní pàjáwìrì ni. Ìyá Ìbejì dìde. Kò ní òun ò ṣe, kò ní kí wọ́n bẹ òun.

"Mo gbà," ó ní. "Ṣùgbọ́n èmi ò níí dá a ṣe o. Bàbá tó ní kí obìnrin má bá NEPA jà, iná ti di tiyín láti òní lọ. Kọ́kọ́rọ́ rèé. Bí iná bá lọ lóru, ẹ̀yin ni mo máa jí. Akápò, ẹ mú ìwé ṣẹ́ẹ̀kì lọ́wọ́ Alága kí a tó tú ká, ẹ má sì buwọ́ lu ewé tí ẹ ò tíì rí iye tó wà níbẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ra pọ́ńpù, ẹ ò kúrò nínú ìgbìmọ̀ omi. Ẹ ti mọ èyí tí kò dáa, ẹ lọ ra èyí tó dáa, ẹ wá fi rìsíìtì hàn mí. Bọ̀ọ̀dá ará ẹ̀yìn yẹn tó dá orúkọ mi, ìmọ́tótó ṣófo, ẹ máa bọ̀ níwájú."

Ó ń na ìka báyìí, ó ń pe orúkọ, orí ń tẹ̀ sílẹ̀ níbi tí ìka bá ti kọjú sí. N ò tíì rí ibi tí ojú ìpàdé yí padà kíákíá tó bẹ́ẹ̀ rí. Bàbá tí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ lé lọ́wọ́ mú un dání bí ẹni mú ejò. Ẹnìkan ní ọjọ́ ti lọ. Ẹlòmíràn ní bí a bá fẹ́ sọ òótọ́, Alága mà ń gbìyànjú o, ta ló tún máa ń jí ní ìdájí nítorí wa? Àtẹ́wọ́ bẹ̀rẹ̀ láti apá òsì, ó dé apá ọ̀tún. "Alága! Alága la fẹ́!" Ẹni tó dá orúkọ Ìyá Ìbejì ni ohùn rẹ̀ ròkè jù.

Alága gbé ọwọ́ lé àyà. Ó ní ara ò gbé e mọ́. Ó ní ọmọ òun ní kí àwọn máa bọ̀ ní Kánádà pátápátá. Ó ní ọ̀dọ́ ló kù tó yẹ kó gba iṣẹ́. A bẹ̀ ẹ́. Ó tún kọ̀. A kúnlẹ̀, àwọn tí orúnkún wọn ṣì gbà á. Ó mí kanlẹ̀, ó ní ó dáa, nítorí tiyín ni. Ó na ọwọ́ sí bàbá tó mú kọ́kọ́rọ́ dání, kò sì tíì na ọwọ́ náà tán tí kọ́kọ́rọ́ fi bọ́ sínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ṣí báàgì rẹ̀, ó kó ìdì ìwé rìsíìtì tuntun jáde: ọdún tó ń bọ̀ ló wà lórí rẹ̀, wọ́n ti tẹ orúkọ rẹ̀ sísàlẹ̀, ó sì ti buwọ́ lu ewé kọ̀ọ̀kan. Ó ní kí ẹni tó bá fẹ́ san owó tètè bọ́ síwájú, torí òun ṣì ń lọ ra pọ́ńpù.